Ta Ló Wọn Òṣùwọ̀n?

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, lọ́dún tí kajú so bí ẹni tí ń san gbèsè,
mo kó àpò mẹ́fà jọ sẹ́yìn ilé.
Garawa méje ló kún àpò kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ara mi ni mo fi kà á.
Lọ́dún tó kọjá, garawa méje jẹ́ ọgọ́rin kílò.
Lọ́dún yìí, lórí òṣùwọ̀n Músíbáù tí ń ra kajú,
ó di méjìléláàádọ́rin.

Kílò mẹ́jọ! Lára àpò kan!
Ta ló ń ki ọwọ́ bọ àpò mi lóru?
Kí n tó bi ìbéèrè náà tán, ìdáhùn ti jókòó dè mí:
Wọ́rù, àbúrò mi, tí èmi àti ẹ̀ jọ pín ògiri,
tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra rédíò tuntun,
tí kì í wojú mi bó bá ń kí mi láàárọ̀.

Mo da eérú yí àwọn àpò ká
kí n lè rí ẹsẹ̀ olè.
Ilẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ adìyẹ nìkan.
Mo ní: ẹ wo bí ó ti gbọ́n tó,
ó ti gbá eérú, ó tún da òmíràn síbẹ̀!
Ajá ò gbó lóru náà.
Mo ní: báwo ni yóò ṣe gbó? Ará ilé ni.
Lóru kejì, ajá gbó títí ohùn rẹ̀ fi há.
Mo ní: ẹ gbọ́ o, olè ti dé.
Ajá gbó, Wọ́rù ni.
Ajá dákẹ́, Wọ́rù ni.
Mo pe èyí ní ẹ̀rí,
mo sì sùn lé e lórí bí ọlọ́gbọ́n.

Àsàbí ọmọ mi, ọmọ ọdún méjìlá,
ń yọ hóró kajú lára èso.
Kò gbójú sókè. Ó ní:
"Bàbá, ta ló wọn òṣùwọ̀n?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òṣùwọ̀n ni òṣùwọ̀n!
Ẹ̀rín náà ò dé ikùn.

Ìyá rẹ̀ ń tún ilé ìdáná ṣe, àpò sìmẹ́ńtì kan wà nílẹ̀
tí wọ́n kọ àádọ́ta sí lára gàdàgbà.
A gbé e sórí kẹ̀kẹ́, a tì í lọ
lábẹ́ àwọn òkè tó dúró bí àgbà tó kọ̀ láti dá sí ọ̀rọ̀.
Músíbáù ń jẹun lọ́wọ́. A gbé sìmẹ́ńtì lé òṣùwọ̀n.
Abẹ́rẹ́ gbọ̀n, abẹ́rẹ́ dúró.
Márùndínláàádọ́ta.

Ariwo ti gun ọ̀fun mi.
Wọ́rù ti dìde, Músíbáù ti wọlé,
ìdáhùn tuntun ti jókòó sórí àga kan náà.
Àsàbí fà mí láṣọ:
"Àpò yẹn lè ti jò, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká yá òmíràn wò."
A yá òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ojú irin.
Márùndínláàádọ́ta.

Músíbáù fúnra rẹ̀ gun òṣùwọ̀n, ó sọ̀, ó tún gùn ún.
Òógùn bò ó. Ó san owó tó kù. Ó ní òun ò mọ̀.
Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀:
n kò tíì rí ohun tí mo lè fi wọn ìyẹn,
mo fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Lálẹ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò mi.
Èmi ẹ̀gbọ́n, àyà mi nílẹ̀,
mo sọ gbogbo rẹ̀ títí dé orí eérú.
Wọ́rù pa rédíò. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ẹ̀gbọ́n mi, kajú tèmi náà dín.
Ìyàwó yín ni mo fura sí.
Ìdí tí n kì í fi í wojú yín nìyẹn."

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí.

Nísinsìnyí, bí inú bá bí mi sí ẹnì kan,
tí ìdáhùn sì ti jókòó kí ìbéèrè tó dé,
mo máa ń sọ fún un pé: dìde ná.
Kì í ṣe pé mo ti wá gbọ́n.
Lánàá yìí ni mo ní òjò ò ní rọ̀,
nítorí pé mo ti sá gbágùúdá.
Òjò rọ̀.